Disneyland Paris: ṣé ká sùn sí ìgboro ni, àbí lẹ́bàá ọgbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti London ni a ti fẹ́ lọ sí Disneyland Paris fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi, ọkọ mi, ọmọ wa àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dà láàmú. Mo ti wọn ọmọ náà mọ́ ara ògiri: kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 102 tí wọ́n ń béèrè fún Big Thunder Mountain, ọkọ̀ ojú irin eré asáré inú ọgbà náà (ẹkún rẹ̀ ni mo ń rò báyìí). Mo ti gbèrò pé ká sùn sí ìgboro Paris, ká máa wọ ọkọ̀ ojú irin RER A dé Marne-la-Vallée, tí kò jìnnà rárá sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn inú àwọn ibùdókọ̀ Paris ń bà mí lẹ́rù nítorí Màámi. Ṣé ó yẹ ká kúkú san owó gọbọi sùn sẹ́bàá ọgbà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.