Èsì: «ìlèrìn» kò gbé ohun tí à ń yẹ̀ wò lára àgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé pélébé nípa ìtọ́jú àwọn àgbà bi wá pé kí ni ká máa pe agbára tí èèyàn ní láti dìde, kó rìn, kó dé ibi tó ń lọ. Àbúrò wa kan dáhùn pé «ìlèrìn», pé àyẹ̀wò rẹ̀ á sì máa jẹ́ «ìdánwò ìlèrìn arúgbó». Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò lè bá wọn pa á.

Ì- yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Lè kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń wà, ì- kì í sì í ṣàdédé lẹ̀ mọ́ irú wọn. Nígbà tí Yorùbá fẹ́ sọ pé nǹkan lè rí bẹ́ẹ̀, ìṣeéṣe ni wọ́n sọ, wọn ò sọ «ìlèṣe». Àbúrò wa ní àìlèrìn wà, pé tí a bá yọ àì- kúrò, ìlèrìn ló kù. Ta ló fi òfin yẹn lélẹ̀? Ẹ yọ àì- kúrò lára àìsàn, kí ẹ wá bi aládùúgbò yín pé «ṣé ìsàn ni?» Ẹ yọ ọ́ kúrò lára àìkú, ikú lẹ máa bá, i olóhùn àárín, kì í ṣe ì-. Mo gbà pé ìní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìní, ìgbọràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìgbọràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró ni ní àti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n tó fi ìtètèkọ́ṣe gbè é lẹ́yìn, pé iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni tètè náà máa ń wà, síbẹ̀ ì- lẹ̀ mọ́ ọn, mo rí yín. Àtètèkọ́ṣe ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi lédè, à- ló sì wà níwájú rẹ̀. Ẹjọ́ ìyẹn ṣì wà nílẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù kọjá gírámà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni lè ń béèrè: ó lè rìn, kò lè rìn. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe, àwọn àgbà ni mo sì ń yẹ̀ wò jù. Àyẹ̀wò tí àwọn olùwádìí méjì, Podsiadlo àti Richardson, kọ jáde ní 1991 ni a máa ń lò: àgbà á jókòó lórí àga tó ní apá, á dìde, á rìn mítà 3, á yí padà, á rìn padà wá jókòó. Bó ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́ ni kó rìn, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ tó bá ń lo ọ̀pá. Aago là ń wò. Tó bá gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní ká fura pé ó lè máa ṣubú.

Ẹ wá wo màmá kan tí ìrìn rẹ̀ dán mọ́rán ní mítà 3 yẹn. Kó tó dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga kí ìdí rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé orí ìlà tí a fà sí òpin mítà 3, kò yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gbẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́ títí ó fi kọjú sí mi. Ibi yíyí yẹn ni àyà mi ti máa ń já. Ìlèrìn á ní ó lè rìn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àyẹ̀wò mìíràn tí Guralnik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1994, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 12, ohun mẹ́ta ló ń wò: dídúró láìtàgẹ̀ẹ́rẹ̀, ìyára ìrìn, àti dídìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìkan péré ni ìrìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà tó tọ́ mi kì í sọ pé ẹnì kan «ní ìlèrìn». Wọ́n á ní «ó ṣì ń lọ, ó ń bọ̀». Lílọ-bíbọ̀ ni mo fara mọ́. Kò sẹ́ni tó máa lọ láìdìde, kò sì sẹ́ni tó máa bọ̀ láìyí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú «ìdánwò» kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe ìdánwò lè fìdí rẹmi. Èwo ni kí àgbà máa rò pé òun fìdí rẹmi níwájú ọmọ tó bí? Àyẹ̀wò ni. Ní ti arúgbó, àwọn kan ní èébú ni. Gbó tó wà níbẹ̀ la fi ń ṣàdúrà pé «wàá gbó, wàá tọ́», n kò rí èébú ibẹ̀, ṣùgbọ́n «àwọn àgbà» tó mi.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí àyẹ̀wò ti 1991 máa jẹ́ «ẹ-dìde-ẹ-rìn», torí ọ̀wọ̀: ẹnu ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ni ẹ yẹn ń gbé, kì í gbé inú orúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ò ní ẹ, kò sì ní o. «Àyẹ̀wò dìde-rìn-padà» ni tèmi. Ẹni tó ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá, kó ṣáà má fi lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.