Àwọn ọ̀gá ń ta ṣíà tiwọn, ṣé kí á di tiwa mú?

Ìyá Ìbejì, Kúbwa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá Ìbejì ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan, sílẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ó ti ń já wálẹ̀ láti ìgbà díẹ̀. Alága wọn ní kò séwu, pé ká tún rà sí i nígbà tó ṣì dọ́pọ̀. Àfi bí búrókà, ẹni tó ń bá wa ra ṣíà, ṣe pè pé méjì nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń ta tiwọn. Bàbá Ìbejì ní òun ò tà. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ṣadé, Gárkì: Ẹ fi ẹnu alága sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ṣé ẹ rántí Enron, ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì ńlá ti Amẹ́ríkà? Lóṣù kẹjọ ọdún 2000, ṣíà wọn tó 90 dọ́là. Lóṣù kẹsàn-án 2001, Kenneth Lay tó jẹ́ alága ṣì ń sọ fáwọn òṣìṣẹ́ pé ọjà ọ̀pọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ó ti ń ta tirẹ̀ lọ́dún náà! Ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń tà á padà fún, aráyé ò sì tètè mọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, Enron wọko gbèsè. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ṣíà yẹn bá a lọ. Ìbínú aráàlú wà lára ohun tó bí òfin Amẹ́ríkà ti 2002, tó ní kí ọ̀gá tó bá tà kéde rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì.

Àlàájà, Kàdúná: Ẹ rọra o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà ló ń sá. Ó lè fẹ́ kọ́lé, ó lè fẹ́ ṣègbéyàwó ọmọ. Ohun tófin kọ̀ ni kó tà nítorí àṣírí tó mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ wo ojú òpó NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, wọ́n máa ń gbé e síbẹ̀ bí ọ̀gá bá rà tàbí tó tà.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wò ó, mà. Ọ̀kan ta díẹ̀. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tà tán.

Ọmọ Ìlọrin, Jabi: Hà! Tà tán kẹ̀? Ẹ má rò pé ìjọba á san án o. Owó inú báńkì ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tá a fi sí báńkì, ń dúró fún, kò kan ṣíà. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, àwọn tó jẹ ní gbèsè ló kọ́kọ́ ń gbà, oní-ṣíà ló ń kẹ́yìn.

Bàbá Ṣadé: Bó bá sì jọ pé ọ̀gá yẹn tà á kí ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà tó jáde, ẹ kọ̀wé sí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà. Abuja níbí lolú ilé-iṣẹ́ wọn wà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Ká ta ìdajì ló wù mí. Orúkọ Bàbá Ìbejì nìkan ló wà lórí rẹ̀ ṣá.

Àlàájà: Á jẹ́ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀, kẹ́ ẹ tó pe búrókà.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń wọlé yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná.