Lórí “ìwọ́kọ̀” àti “àfàkọ̀”: ta ni ń fà, ta ni a ń fà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Adó-Èkìtì.

Mo ti ka ìwé ìléwọ́ tí arákùnrin wa láti Èkó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, èyí tí ó kọ fún àwọn awakọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ̀, bí a ṣe ń fa ọkọ̀ tí ó kú sójú ọ̀nà, àti bí a ṣe ń di ẹrù. Mo yìn ín fún akitiyan rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń pariwo pé èdè Yorùbá ń kú lọ, tí a kò sì ní kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí mẹkáníìkì lè kà kí ó wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ó dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìwé náà tí mi ò lè gbà kọjá láìsọ̀rọ̀. Ó pe iṣẹ́ fífa ọkọ̀ ní “ìwọ́kọ̀”, ó pe ọkọ̀ tí ń fa èkejì ní “àfàkọ̀”, ó sì pe kíkó ẹrù sínú ọkọ̀ ní “ìrẹrù”. Èyí tí ó wà láàárín ni ó bí mi nínú jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìwọ́kọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ejò ni ó ń wọ́. Ẹran tí ọdẹ pa tí kò lè dá gbé, ó lè wọ́ ọ dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́jọ́, wọ́n á wọ́ ọ dé kóòtù. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, yálà nǹkan náà ń fi ara ha ilẹ̀, tàbí kò fẹ́ lọ rárá. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń yí, a kì í wọ́ ọ, ṣe ni a ń fà á. Bí a bá gbé ọkọ̀ odindi gun orí ọkọ̀ mìíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gbígbé ni a gbé e. Bí a bá gbé táyà iwájú sókè tí ti ẹ̀yìn sì ń yí nílẹ̀, a gbé e, a sì tún ń fà á. Ìgbà tí táyà bá há, tí ó ń ha títì bí irin agbẹ́gilére, ìgbà yẹn nìkan ni a lè sọ pé wọ́n ń wọ́ ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí yóò kọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ya wọ́, fà àti gbé sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, ìyàtọ̀ náà gan-an ni ó sì ń gba jíà là lónìí.

Mo sọ pé ó ń gba jíà là nítorí pé owó mi ni mo fi kọ́ ọ. Nínú ọkọ̀ tí ń pa jíà dà fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọtomátíìkì, ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń yí páńpù tí ń gbé ọ́ìlì káàkiri inú jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì dúró sójú kan. Bí àwọn táyà tí jíà ń ti bá wá ń yí nílẹ̀ bí a ṣe ń fa ọkọ̀ náà lọ, irin yóò máa lọ irin ní gbígbẹ, ooru yóò sì ṣe èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí ìwé àwọn ọkọ̀ kan fi ní kí a má fà wọ́n rárá, tí ti àwọn mìíràn sì ní kí eré má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ọ̀nà náà pàápàá má sì kọjá 50 kìlómítà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, gbígbé ni ó sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ mi kú sí ẹ̀yìn Ìkẹ́rẹ́, ọkùnrin kan tí ó ní okùn sì sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, a kàn máa wọ́ ọ dé Adó ni.” Òun fúnra rẹ̀ ni ó lo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ṣe bí ó ti wí: kò yọ jíà kúrò níbi tí mo pákì rẹ̀ sí, táyà iwájú ń ké, èéfín ń rú, títí tí àwọn obìnrin tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà fi figbe ta. Nígbà tí a dé Adó, jíà náà ti lọ. Bí arákùnrin wa bá fẹ́ mọ ohun tí ìwọ́kọ̀ túmọ̀ sí, ohun tí ó túmọ̀ sí nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó pa wá lẹ́rìn-ín bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn tí ń kọ pátákó ojú ọ̀nà kì í fi àmì ohùn sí i. Ẹ yọ ohùn òkè kúrò lórí ìwọ́kọ̀, ohun tí èrò yóò kà ni ìwọkọ̀, wọn yóò sì tò síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, wọn yóò máa bèèrè ọkọ̀ Ìkọ̀lé.

Ó wá ku àfàkọ̀. Arákùnrin wa, ta ni ó kọ́ ọ ní ohùn ìsàlẹ̀ méjì yẹn? Wà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bí awakọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì ní bí ó bá dá dúró, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò pe ẹnikẹ́ni ní “awàkọ̀”. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá ti pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ níwájú rẹ̀, ohùn àárín ni ó ń gbà. Bí ìwọ kò bá gba gírámà gbọ́, gba àwọn àgbà gbọ́: bí a bá fa gbùrù, gbùrù a fa igbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fà jáde nínú òwe yẹn, kò sì sí ẹnu àgbà tí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i rí. Afakọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́, kí ó tẹ̀lé awakọ̀ bí ọkọ̀ ẹ̀yìn ti ń tẹ̀lé ti iwájú.

Ti ohùn orí fà tilẹ̀ kéré. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹjọ́ gan-an. A- olóhùn àárín máa ń sọ ẹni tí ó ṣe nǹkan: apẹja, awakọ̀, akọ̀wé. À- olóhùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń sọ ohun tí a ṣe: àjẹkù ni ohun tí a jẹ kù, àfàyọ ni ohun tí a fà yọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè dáadáa, tí o sọ àfàkọ̀ fún, ọkọ̀ tí wọ́n ń fà ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí, ìwọ sì sọ ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé “kí àfàkọ̀ lágbára ju ọkọ̀ tí ó ń fà lọ”. Ó dára, a gbà pé èyí tí ń fà ni. Ní ojú ewé kejì o wá kọ ọ́ pé, “awakọ̀ àfàkọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tẹ ìjánu,” ìyẹn bíréèkì. Èwo nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Okùn ni ó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì, okùn kì í sì í ti nǹkan, fífà nìkan ni ó mọ̀. Bí ti iwájú bá kọ́kọ́ tẹ ìjánu gírí, okùn yóò dẹ̀, ti ẹ̀yìn yóò sì wá fi imú gbá a nídìí. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí a ń fà ni ó gbọ́dọ̀ máa wo iná ẹ̀yìn ti iwájú, kí ó sì rọra tẹ ìjánu ṣáájú kí okùn lè wà ní fífà ní gbogbo ìgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wúwo, nítorí pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára tí ń ran ìjánu lọ́wọ́ yóò tán lẹ́yìn títẹ̀ mélòó kan, sítíárìn náà yóò sì le bí igi. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí a yí i dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sítíárìn lè há. Nítorí náà, bí òǹkàwé rẹ bá fi ìtumọ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ka ojú ewé kejì, o ti kọ́ ọ bí yóò ṣe fọ́ ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn okùn ni yóò san án.

Mo mọ̀ pé arákùnrin wa yóò fi àjàgbé dá mi lóhùn, nítorí ó ti ń fi í ṣẹ́wọ́ sí mi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá: ọkọ̀ àjàgbé ni ó ń gbé ẹrù, kì í ṣe òun ni a ń gbé, à- olóhùn ìsàlẹ̀ ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé àjàgbé ń dà mí láàmú. Bàbá wa kan sọ nínú ìjíròrò yìí pé ẹrù tí a ń jà gbé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ kí orúkọ náà tó gun orí ọkọ̀. Kò mú ẹ̀rí wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un tó láti má ṣe béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó ní kí a pa ìjánu tì nítorí pé ẹṣin ni ó ni ín, pé ilẹ̀ olókè bíi ti Èkìtì kò mọ ẹṣin, kí ó jọ̀wọ́ fi wá sílẹ̀. Ṣé àwọn tí ń wa ọkọ̀ ní Èkìtì kò mọ bíréèkì ni? Ohun tí ó ń dá nǹkan tí ń sáré dúró ni ìjánu, ó sì ti wọ ìwé. Èyí tí ó tilẹ̀ ní àwa ará Èkìtì gbọ́dọ̀ kọ “ùfakọ̀”, nítorí pé ulé àti ugbó ni a ń pe ilé àti igbó, mo fẹ́ràn èdè ìyá mi ju bí ó ti rò lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìjẹ̀bú yóò kà ni a ń sọ. Kí ó má tún fi orúkọ ìyá mi bú mi mọ́.

Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, iṣu àti pákó ni ó ń kó. Kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan lò lórí iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ń so okùn mọ́ irin ìdí ọkọ̀, kì í so ó mọ́ bọ́ńpà. (Ọkọ̀ òde òní ní ìwọ̀ tirẹ̀, ó sábà máa ń wà nínú búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, a ó sì yí i wọ inú ihò kan tí wọ́n fi ìdérí kékeré bò lára bọ́ńpà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tíì fojú kàn án.) Bí okùn bá ti le, bàbá mi á ní kí gbogbo ènìyàn kúrò nítòsí, nítorí okùn tí ó bá já nígbà náà máa ń fò padà bí pàṣán. Kí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó dé ní 1988, ewé tútù ni ó ń já sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, bí ó bá sì tún ọkọ̀ ṣe tán, ó máa ń pa dà lọ kó ewé náà. Àwọn tòní ń fi í sílẹ̀ sójú títì. Irin gbọọrọ tí àwọn kan ń lò dípò okùn, kí ọkọ̀ ẹ̀yìn má bàa gbá ti iwájú, ẹnìkan nínú wa pè é ní àjàgà, bí èyí tí a fi ń so màlúù méjì pọ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní ọ̀rọ̀ dídá! N kò ní àlébù kankan láti kà sí i lọ́rùn.

Ìrẹrù ńkọ́? Orí ni a fi ń ru ẹrù, òṣùká ló ń gbé e dúró. Inú ọkọ̀, kíkó ni a ń kó ẹrù sí i, a ó sì dì í. Mo gba ìrẹrù fún ẹrù tí a dì sí orí ilé ọkọ̀ nìkan, ibẹ̀ ni ó sì ti wúlò, torí ìwà ẹrù orí ni ó ń hù: bí ẹrù bá ti ga, ọkọ̀ a máa mì ní kọ́nà bí ẹni tí ó ru ìkòkò omi kún dẹ́nu. Tírélà kékeré tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ tún ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò máa jù sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi mú ọkọ̀ dání lọ sínú igbó. Iwájú ni kí ó tẹ̀ sí díẹ̀: bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ bá wọn 1000 kìlógíráàmù, kí 100 sí 150 nínú rẹ̀ tẹ orí ìwọ̀. Gbùrù náà ni, tí ń fa igbó.

Lórí “àtúnṣe ọkọ̀” tí ó fi ṣe àkọlé ojú ewé kẹta, n kò ní pẹ́. Ohun tí a tún ṣe ti bàjẹ́ rí. Ẹni tí ó ń wo ọ́ìlì láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́, tí kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná, tí ó mọ̀ pé 2319 lára táyà túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, ẹni náà kò tún nǹkan kan ṣe. Ìtọ́jú ni ó ń ṣe.

Bí ìwé náà kò bá tíì dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, kí arákùnrin wa jọ̀wọ́ yọ ohùn ìsàlẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kúrò lórí àfàkọ̀, kí ó sì kọ gbólóhùn ìjánu yẹn báyìí: “Awakọ̀ inú ọkọ̀ tí a ń fà ni kí ó kọ́kọ́ rọra tẹ ìjánu.” Kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan níbẹ̀. Ní ti àjàgbé, mo ṣì ń retí ẹ̀rí Bàbá.