Corolla 2005 tòkunbọ̀ ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ojóò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla 2005 ni, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8 (1ZZ), jíà ọtọmátíìkì. Epo tó ń mu ti pọ̀ jù. Lítà 40 ló fi rin 205, ìyẹn 5 péré lórí lítà kan. Ìgboro Ìbàdàn ni mo ti ń wà á jù, Ojóò sí Challenge, AC kì í sì í kú. Iná check engine kò tàn. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ plug, kí n fọ nozzle (ẹnu tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì), kí n sì ra oxygen sensor méjèèjì (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín). Owó yẹn kì í ṣe kékeré. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Sípánà
Kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ dáadáa. Corolla tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Bí 205 yẹn bá jẹ́ máìlì, fi 1.609 sọ ọ́ di púpọ̀, o rí kìlómítà 330. Pín in sí lítà 40, ó jẹ́ 8.2 lórí lítà kan. Irú ọkọ̀ yìí tí ara rẹ̀ bá dá máa ń rin nǹkan bí 11 nínú ìlú, ó sì lè rin 14 sí 15 lójú ọ̀nà tó já geere. Epo ń ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò burú tó bí o ṣe rò.

Ohun kejì: má fi náírà wọn epo. Iye tí wọ́n ń ta lítà kan lónìí lè má jẹ́ tọ̀la, pọ́ọ̀ǹpù ilé epo kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba. Lọ sí ilé epo kan ṣoṣo, kí wọ́n rọ ọ́ títí tí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù yóò fi já fúnra rẹ̀, kí o dá trip (òǹkà ìrìn) padà sí òdo. Wà á títí táǹkì yóò fi kọjá ìdajì, padà sí pọ́ọ̀ǹpù kan náà, jẹ́ kó tún já lẹ́ẹ̀kan. Lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí o fi pín ìrìn rẹ.

Ó já lẹ́ẹ̀kan ni mo wí o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mi mọ́tò jìgìjìgì kí epo lè wọ̀ sí i, ẹ̀ ń ba charcoal canister (agolo èédú tó ń gba òórùn epo láti inú táǹkì) jẹ́. Òórùn epo nìkan ló yẹ kó dé ibẹ̀. Bí epo gidi bá rin ín gbingbin, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa á mu lẹ́yìn, láìjẹ́ pé nozzle ló fún un.

Rẹ́wáyà Mushin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra sensor kankan. Ẹ wá OBD2 kékeré ti Bluetooth (ELM327) tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, ẹ tì í bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, kí ẹ fi áàpù Torque sórí fóònù. Pé check engine kò tàn kò sọ pé ara mọ́tò yá. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń mú nǹkan mọ́ra pẹ́ kó tó pariwo. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ kà fún wa:

1. Coolant temperature (ooru omi ẹ́ńjìnnì) àti intake air temperature (ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), láàárọ̀ kùtù kí ẹ tó fi iná sí i. Lẹ́yìn náà, coolant nìkan, nígbà tí ẹ bá ti wà á tó ogún ìṣẹ́jú.
2. Long term fuel trim (iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí yọ kúrò, nínú ọgọ́rùn-ún), nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, àti nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 rpm.
3. MAF (sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà), tí AC bá wà ní pípa, tí mọ́tò dúró.

Èkíní ni mo fura sí jù. Thermostat 1ZZ (ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí yóò fi gbóná) máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná tán kò yẹ kó wà nísàlẹ̀ 80 lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí 65 sí 70, tó tún ń wálẹ̀ sí i bí ẹ bá ti ń sáré, ẹnì kan ti yọ thermostat dànù. Kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò máa fi epo kún epo. Ọ́ìlì kò ní ṣàn bó ṣe yẹ. Gearbox pàápàá máa ń retí pé kí omi gbóná kó tó lo lock-up (ìdè tó ń so gearbox mọ́ ẹ́ńjìnnì kí agbára má ṣòfò). Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gééjì iwájú yín, ó lè rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ àárín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ti àárọ̀ kùtù, ìdí rẹ̀ ni pé coolant àti afẹ́fẹ́ yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà tí mọ́tò ti sùn mọ́jú. Bí coolant bá jìnnà sí èkejì, sensor rẹ̀ ń parọ́. Bí ó bá kọ −40, wáyà ti já. Ẹni tó ní mita lè yọ ọ́ wọ̀n: 2.3 sí 2.6 kΩ ní 20°C, nǹkan bí 0.31 sí 0.33 ní 80°C.

Alátáyà Àgùgù
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó béèrè afẹ́fẹ́ táyà. Ìwọ̀n wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà; ọ̀pọ̀ Corolla tó wọ 195/65R15 wà láàárín 30 sí 32 psi. Kí táyà tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Bíréèkì tó ń di tún burú ju ti táyà lọ. Ẹ wa mọ́tò bíi kìlómítà mẹ́wàá, kí ẹ má tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rọra dúró. Ẹ ta omi díẹ̀ sára rim kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún ṣìì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pin tí caliper ń rìn lórí rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi wáyà ha ìpẹtà kúrò, ẹ fi gíríìsì tó wà fún bíréèkì sí i. Gíríìsì lásán yóò wú rọ́bà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló gbóná, ẹ wo kébù hándíbíréèkì.

Ọmọ Ojóò
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, máìlì ni lóòótọ́! Mo ti ka àwọn yòókù:
Àárọ̀ kùtù: coolant 27, afẹ́fẹ́ 27.
Lójú ọ̀nà: coolant 66. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ó gòkè dé 74.
Long term: +14 ní ìdúró, +3 ní 2,500.
MAF: 2.3 g/s.
Kò sí rim tó dún.

Rẹ́wáyà Mushin
Ó ti hàn. 27 bá 27 mu, sensor coolant kò parọ́. 66 lójú ọ̀nà: kò sí thermostat níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó ti kú sí ṣíṣí. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó sí.

+14 tó wálẹ̀ di +3 ń sọ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé, lẹ́yìn MAF. Ihò kan náà ni, kì í tóbi sí i. Ní ìdúró, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà kéré, nítorí náà ti olè yẹn pọ̀ nínú rẹ̀; ní 2,500, afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀nà gidi ti bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, MAF tó dọ̀tí tàbí fuel pump tó ti rẹ̀ ni mi ò bá sọ. Ẹ wo hóòsì PCV (tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà síbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́), hóòsì bíréèkì búsítà, rọ́bà abẹ́ nozzle, àti gasket intake manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì). Ti 1ZZ máa ń sún kì tó bá ti pẹ́. Ẹ fi ìgò ìfọ́nmi fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ ti mú un. Ẹ má fọ́n ọn sórí coil tó ń fún plug ní iná.

Kí ẹ mọ èyí náà: +14 kò túmọ̀ sí pé epo yín fi 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà ń fi epo bá afẹ́fẹ́ tí MAF kò rí dọ́gba ni, kó lè wà ní afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1. Ibi tí òfò gidi ti máa ń wá ni kí sàlẹ́ńsà máa jò níwájú oxygen sensor àkọ́kọ́. Ó máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta sínú páìpù, sensor á ní epo kò tó, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Àwọn tí wọ́n ti yọ catalyst (àgò tó ń fọ èéfín mọ́) tà, tí wélídà wá lẹ páìpù míì síbẹ̀, ẹ fetí sí i láàárọ̀ bóyá ó ń dún tà-tà-tà, kí ẹ sì wò ó bóyá èéfín dúdú wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti so ó.

Oxygen sensor ẹ̀yìn ní tirẹ̀, catalyst ló ń ṣọ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú epo yín. Ẹni tó ní kí ẹ ra méjèèjì kò tíì wo nǹkan kan.

Nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: 2.3 pín sí 14.7 jẹ́ gíráàmù 0.156 epo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní wákàtí kan, ó di 563. Lítà epo kan wọ̀n tó gíráàmù 740, nítorí náà bíi lítà 0.76 ló ń jó ní wákàtí kan láìsún síwájú. Ẹ fi AC kún un, ó súnmọ́ lítà kan. Kò sí mẹkáníìkì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú o. Gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò wa ló ń sọ pé thermostat kò bá ooru ilẹ̀ wa mu. Bí a bá dá a padà tí mọ́tò wá hó lójú ọ̀nà ńkọ́?

Bàbá Sípánà
Ìyá Ìbejì, ooru ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í sábà ju 35, 38 lọ. Omi ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ 82 sókè. Kí ni ọ̀kan fẹ́ fi èkejì ṣe? Mọ́tò tó ń hó, rédíétọ̀ rẹ̀ ló ti dí, nítorí omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń dà sí i tó sì pẹtà, tàbí fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí ìdérí rédíétọ̀ kò lágbára mọ́. Yíyọ thermostat kàn ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n á tún wá so fáànù direct kó máa yí láti àárọ̀ dálẹ́.

Nítorí náà má fi thermostat sínú ẹ̀rọ tó dí. Ṣan rédíétọ̀ àti block títí omi yóò fi mọ́. Dá wáyà fáànù padà sí bó ṣe wà. Thermostat wà nídìí hóòsì ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀tì 10 méjì ló mú ilé rẹ̀. Alternator lè dí ọ lọ́wọ́, tú u sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pin kékeré tó ń mì lára thermostat náà gbọ́dọ̀ wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Coolant àti omi distilled, ìdajì-ìdajì, gbogbo rẹ̀ bíi lítà 6 àbọ̀. Ṣí ìdérí sílẹ̀ láti ìgbà tó ti tutù, tan heater sí gbígbóná, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi tàn tó sì kú lẹ́ẹ̀mejì, máa bu coolant kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá ti gbóná pẹ̀lú ìdérí lórí, má ṣe ṣí i, yóò bó ọ lójú.

Ọmọ Ojóò
Ẹ ṣé, Bàbá. Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò n'Ìbàdàn, ni mo fẹ́ ti ra thermostat. Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú? Ṣé Belgium (àlòkù òkèèrè) ò dáa jù?

Bàbá Sípánà
Ra Belgium alternator bí o bá fẹ́, má ra Belgium thermostat. Wo 82 tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Bó o bá délé, fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò, kí o ki tẹmọ́mítà sí i. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84. Nígbà tí omi bá fi dé 95, ẹnu rẹ̀ yẹ kó ti là tó mìlímítà 10. Èyí tó là kí omi tó gbóná, tàbí tó ṣì dì pa nígbà tí omi ti ń hó, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ajíà-mọ́tò
Kí ẹ tó lọ, ẹ wò ó bóyá "O/D OFF" tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọwọ́ jíà. Ọwọ́ máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Tó bá wà ní OFF, mọ́tò kò ní wọ jíà kẹrin. Ní 100 km/h, bíi 3,500 rpm ni yóò máa yí dípò 2,400.

Ìyá Ìbejì
Kánfọ̀ tí wọ́n ń jù sínú táǹkì, àti èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD pé ó ń dín epo kù, ṣé òótọ́ ni?

Rẹ́wáyà Mushin
Irọ́ ni méjèèjì. Inú èyí tí wọ́n ń kì bọ OBD, iná kékeré tó ń ṣẹ́jú ló wà níbẹ̀. Kánfọ̀ tí kò bá yọ́ tán á lọ dí filter epo.

Ẹ bá mi ra ìgò MAF cleaner kan dípò. Sikúrù méjì ló mú MAF. Ẹ fọ́n ọn ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìfọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Carburettor cleaner kọ́ o, ó lè bà á jẹ́. Plug náà, ẹ tú wọn wò kí ẹ tó rà: ẹnu tó ní àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ dára, dúdú bí èédú túmọ̀ sí epo tó pọ̀ jù, èyí tó rin fún ọ́ìlì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gap rẹ̀ jẹ́ 1.1 mm.

Bàbá Sípánà
Ọmọ Ojóò, thermostat àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà kí o tún táǹkì wọ̀n. Fi nozzle sílẹ̀ ná. Kọ ìrìn rẹ lórí lítà kan síbí, pẹ̀lú coolant temperature lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti dé 85 tí ìrìn náà kò sì kúrò ní 8, gearbox ni a ó wò: ó lè jẹ́ pé lock-up kò dì mú. Wo àwọ̀ ọ́ìlì jíà lára dipstick kí o tó dé.