Omi kì í pá Màmá lórí mọ́ báyìí

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí Màmá wa l'Ọ́fà, tí mo kọ̀wé pé omi ń pá lórí láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n? A gbé wọn lọ sí Ìlọrin. Oníṣègùn ní omi lásán ló yára jù fún ọ̀fun wọn, ó lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, pé ká jẹ́ kó ki díẹ̀. Ògì ló bá wọn mu: kò ṣàn bí omi, kò sì dì bí ẹ̀kọ. Ṣíbí kékeré ni. Wọ́n á jókòó ṣánṣán, wọ́n á tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì. Ó di 30 ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fẹ̀yìn lélẹ̀. (Àbúrò mi ṣì ń gbàgbé èyí!) Lánàá, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" Wọ́n sì lá abọ́ mọ́. Ẹ ṣé gan-an.