Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Baálẹ̀ ti kan: ṣé eérú nìkan tó?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ náà ò tóbi, mítà 10 sí 12 ni. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí mò ń ká níbẹ̀, a jẹ ẹ́ tì, àdúgbò bá wa jẹ nínú rẹ̀. Ní báyìí, ewédú á ga tó ìka ọwọ́, á sì dúró síbẹ̀. Tìmátì ràn, abẹ́ ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ àlùkò. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Ànàmọ́ àti ẹ̀gẹ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ nìkan ló ń tutù yọ̀yọ̀.

Ọdọọdún ni mò ń fi ajílẹ̀ yúríà sí i, torí kíá ló ń mú ewé dúdú. Aládùúgbò mi kan ló wò ó tó ní, "Màmá, ilẹ̀ yìí ti kan, ásíìdì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀." Mo wá lọ ra ẹ̀rọ onírin méjì tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀ láti fi wọn bó ṣe kan tó. Gbogbo ibi tí mo kì í bọ̀, 7 ló ń sọ, ìyẹn ni pé kò kan rárá. Ara fu mí. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, mo kì í bọ̀ ọ́, 7 náà ló tún sọ! Owó yẹn dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo da eérú ààrò sórí ebè kan, mo sì fọ́n yúríà lé e lọ́jọ́ kan náà. Kí n tó gbé ọkọ́ sílẹ̀, òórùn kan ti gbá mi nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, omi ń dà lójú mi. Kí ló fà á? Báwo ni mo ṣe lè mọ bí ilẹ̀ yìí ṣe kan tó? Ṣé kí n kàn máa da eérú lọ ni?

Ọmọ Aláró (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún da eérú pọ̀ mọ́ yúríà. Gáàsì amóníà ló gbá yín nímú yẹn, oúnjẹ ewé tí ẹ fowó rà ló ń bá atẹ́gùn lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà láàrin méjèèjì.

Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí, mo mọ eérú dáadáa. Ìyá mi máa ń kó o sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi sí i, èyí tó bá kán sílẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ewé ẹ̀lú. Omi yẹn ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ó sì ń bó èèyàn lọ́wọ́. Agbára kan náà yẹn ló ń pa kíkan inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ń da eérú tí a ti sẹ́ tán sí lẹ́yìn ilé, ewé ìbẹ́pẹ tó wà nítòsí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan ló kù ní tútù. Bí eérú bá pọ̀ jù, gbòǹgbò ò ní rí irin inú ilẹ̀ fà mọ́.

Nítorí náà, ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: kó má ju gíráàmù 100 lọ fún mítà kan níbùú lóròó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Gbogbo ilẹ̀ yín ò gbọ́dọ̀ gbà ju kílò 12. Eérú igi nìkan o. Ti pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, ti táyà àti ti ọ̀rá, ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí ẹ̀fọ́ wà.

Ayẹlẹ̀wò (Ilé-Ifẹ̀)

Mà, ẹ wọn ilẹ̀ ná kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ onírin méjì yẹn ni kì í sọ òótọ́. Ẹ wá bébà pH: pH ni nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó, bó bá ṣe ń wá sílẹ̀ láti 7 ni kíkan ń pọ̀ sí i.

Ẹ bu ilẹ̀ níbi mẹ́wàá, ẹ yọ ebè eérú yẹn sọ́tọ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ dé sẹ̀ǹtímítà 15, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń gbé. Bákẹ́ẹ̀tì oníke ni kí ẹ pò ó pọ̀ sí, ẹ sá a níbòòji. Ẹ bu ife kan ilẹ̀, ife kan omi tí wọ́n ń rọ sí bátìrì ọkọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa, torí ike omi àti ike ásíìdì jọra. Ẹ má lo omi inú ọ̀rá, ó ní pH tirẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó ti bébà bọ omi tó tòrò lókè.

Ní 7, ilẹ̀ ò kan rárá. Ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ nígbà mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ 6 sí 6.8. Tó bá ti wá sílẹ̀ ju 5.5, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa jó orí gbòǹgbò: ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò tìmátì yín fi kúrú. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ewéko ń jẹ náà á há mọ́ inú ilẹ̀, ewé á wá di àlùkò. Òjò ilẹ̀ wa ń fọ kálísíọ̀mù tó ń dẹ́kun kíkan lọ lọ́dọọdún, yúríà sì ń fi kún kíkan náà. Ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ fara dà á ju tìmátì lọ, wọ́n ti sọ fún yín tipẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìdajì kílò lọ fún àyẹ̀wò: ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, tàbí àwọn ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, Moor Plantation tàbí IITA. Bébà á sọ bó ṣe kan tó, àyẹ̀wò ló máa sọ iye láìmù (òkúta ẹfun lílọ̀ tó ń pa kíkan ilẹ̀) tó ń fẹ́. Ilẹ̀ oníyanrìn àti ilẹ̀ alámọ̀ lè jọ wà ní 5, kí ti alámọ̀ gbà ju ti èkejì lọ dáadáa.

Bàbá Ẹlẹ́yin (Ẹdẹ)

Ẹ fi yúríà sílẹ̀ ná, ìgbẹ́ adìẹ ẹlẹ́yin ni kí ẹ lò. Òkúta láìmù tí a ń pò mọ́ oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Kó jẹrà fún oṣù méjì kí ẹ tó lò ó.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Bébà sọ 5, àyẹ̀wò sọ 5.1. Gíráàmù 150 láìmù fún mítà kan níbùú lóròó ni wọ́n ní kí n lò, kílò 18 lápapọ̀. Ọmọ mi bá mi ro ó mọ́lẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 kí òjò tó dé, wọ́n ní kí n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ebè eérú ni a ò da láìmù sí, òun ti dé 6. Mo gbin ewédú sí i, ó ti kọjá orúnkún mi.

Ọmọ Aláró, ẹ bá mi kí Màmá. Bàbá Ẹlẹ́yin, èló ni àpò ìgbẹ́ náà, ṣé wọ́n lè bá mi gbé e dé Òkè-Baálẹ̀?