Lọ̀ ni àbí gún? Ohùn tèmi lórí hóró ọ̀gbọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ìbéèrè arákùnrin wa tó wà ní Houston. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn àgbàlagbà ìjọ wọn, lórí oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Ó wá kan gbólóhùn kan tó ní kí wọ́n lọ flaxseed nílé kí wọ́n tó jẹ ẹ́, iṣẹ́ sì dúró. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe hóró náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ohun tí ẹ̀rọ inú ilé ń ṣe sí i mu, àti orúkọ tí a ó fún ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an. Láti ìgbà náà, a ti rí "yànmọtí òyìnbó", a ti rí "irúgbìn fláàsì", ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta sì ti ní ká fi lọ̀ sílẹ̀, ká máa lo gún, nítorí pé ohun tó bá gbẹ, gígún là ń gún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò nílẹ̀, torí iṣẹ́ ibẹ̀ ò pọ̀. A ti ní orúkọ ewéko yìí tipẹ́. Ọ̀gbọ̀ ni. Ẹni tó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí ti gbọ́ nípa aṣọ ọ̀gbọ̀ tí àwọn àlùfáà ń wọ̀, ó ti gbọ́ bí Ráhábù ṣe fi ọ̀gbọ̀ bo àwọn amí mọ́lẹ̀ lórí òrùlé ilé rẹ̀, ó sì lè rántí pé ọ̀gbọ̀ wà lára ohun ọ̀gbìn tí yìnyín bà jẹ́ ní Íjíbítì nínú Ẹ́kísódù orí 9. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀ látọjọ́. Ewéko kan náà sì ni: ara igi rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ fọ́nrán aṣọ, orí rẹ̀ ni hóró ti ń jáde.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé bí a bá pè é ní ọ̀gbọ̀, àwọn màmá yóò rò pé aṣọ la ní kí wọ́n máa jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wo òwú ná. Òwú lorúkọ igi, òwú la fi ń ránṣọ, kóró òwú la sì ń pe èyí tó wà nínú rẹ̀. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣì í mú.

"Yànmọtí òyìnbó" dùn létí, ojú ọ̀nà tí ọ̀pẹ òyìnbó gbà wọlé ló gbà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé yànmọtí kì í fà. Ọ̀gbọ̀, bí omi bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ewédú. Ẹni tó bá gbọ́ yànmọtí, tó wá ṣe é bíi yànmọtí, á kan ìyàlẹ́nu nínú ìkòkò. Ní ti "irúgbìn", ohun tí a ó gbìn ni irúgbìn. Èyí tó wọ inú ẹ̀rọ kò lè hù mọ́ láéláé, irúgbìn wo ló wá kù níbẹ̀? Hóró ni mo fara mọ́, bíi hóró àgbàdo. Kóró náà ò burú, ṣùgbọ́n létí tèmi, nǹkan líle tó wà láàárín èso ni kóró, irú èyí tí ọmọdé ń tu jáde tó bá mu àgbálùmọ̀ tán. Bí a bá sì ní ká ya ọ̀rọ̀ "fláàsì" lò, kí ni àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Sákété, ní ilẹ̀ Benin, máa ṣe, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń kà lára páálí? "Lin" ni tiwọn. Ọ̀gbọ̀ kò ní bodè.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló lẹ́gùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi láti Abẹ́òkúta, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jiyàn díẹ̀. Ọlọ ni lọ̀ ti wá, tàbí kó jẹ́ pé lọ̀ ni ọlọ ti wá, èyí tó wù kó ṣáájú. Ìyá ọlọ wà nílẹ̀, ọmọ ọlọ wà lọ́wọ́, ohun tó bá há sáàárín wọn á fi ara gbo ara òkúta títí yóò fi kúnná. Odó ní tiẹ̀, òkè ni ọmọ odó ti ń bọ̀ wá bá nǹkan nísàlẹ̀. Fífi ara gbo ara ni lọ̀, sísọ kalẹ̀ látòkè ni gún. Bùlẹ́ńdà kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Abẹ tó ń fò yíká ló ń gé hóró tó bá kò ó lọ́nà. Síbẹ̀ gbogbo ilé ló ń sọ pé "mo fẹ́ fi bùlẹ́ńdà lọ ata", ẹnì kan ò sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òkúta tipẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ata dé ọjà ló ti bọ́.

Nítorí náà, n kò rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun la nílò. Ohun tí lọ̀ kì í sọ fúnni ni ìṣòro wa, mo sì mọ̀ ọ́n láti inú àṣìṣe ara mi. Àǹtí mi kan wà ní Ìbàdàn tí ọmọ rẹ̀ fi àpò ọ̀gbọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí láti Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni wọ́n ní kí n ka ohun tó wà lára àpò náà fún wọn lórí fóònù. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́, Màmá." Mo rò pé mo ti túmọ̀ nǹkan. Wọ́n gbé e lọ bá alọta ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Alọta bu omi sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ó tanná sí ẹ̀rọ. Ohun tó jáde pọ́n fún ìyókù ata, ó sì ń fà láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú abọ́. Wọ́n pè mí padà lọ́jọ́ náà: "Ọmọ mi, ṣé ọbẹ̀ lèyí, àbí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ?"

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀ bí kò ṣe èmi. Ata là ń lọ̀, ẹ̀wà àkàrà là ń lọ̀, àgbàdo ògì là ń lọ̀. Omi wà nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti mú mi gan-an nìyí, mo sì gbà fún wọn: ata kan náà, tó bá tutù, ata lílọ̀ ni, tó bá gbẹ, ata gígún ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, tí kò fojú kan odó rí. Etí wa ń gbọ́ gbígbẹ nínú gún. Ẹ̀rí tó lágbára ni.

Àmọ́ ẹ̀rí náà kò dé ibi gbogbo. Èlùbọ́ gbẹ, lílọ̀ la sì ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀gúsí gbẹ, ẹ̀gúsí lílọ̀ ni wọ́n ń tà lórí igbá. Ààpọ̀n náà ńkọ́, tó sún mọ́ ọ̀gbọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà nílé ìdáná wa, tó lọ́ràá, tó sì ń fà? Lílọ̀ ni. Ẹ rìn wọ ọjà èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ ata wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ èlùbọ́ wà lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tó máa da èlùbọ́ sínú ẹ̀rọ ata àyàfi tó bá fẹ́ jà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ẹ̀rọ méjèèjì ń jẹ. Ohun tó yẹ kí n sọ fún àǹtí mi ni "ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ". Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fi sílẹ̀.

Ẹnì kan tún béèrè ìdí tí a fi ní láti lọ̀ ọ́ rárá, ó ní yànmọtí kì í ṣòro jẹ lódidi. Èèpo ọ̀gbọ̀ le, ó sì ń dán. Eyín kì í rí i mú dáadáa, inú kì í sì í lè fọ́ ọ, bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Adìẹ nìkan ni kò nílò bùlẹ́ńdà, torí iwe rẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́ tó ti ṣà jẹ. Ọlọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lórí "ìyẹ̀fun ọ̀gbọ̀" tí àwọn méjì ti fọwọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi dúró díẹ̀. Ìyẹ̀fun ni ohun tó kúnná tó ń fẹ́ bí eruku. Nínú hóró ọ̀gbọ̀, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ òróró. Ẹni tó bá ní dandan ó gbọ́dọ̀ kúnná bí èlùbọ́, tó wá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí láìdúró, ooru abẹ á mú òróró jáde, gbogbo rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ìdí ife. Ẹni tó ti ṣe róbó rí mọ bí ẹ̀gúsí ṣe ń ṣe. A kì í pe ẹ̀gúsí ní ìyẹ̀fun ẹ̀gúsí, ẹ̀gúsí lílọ̀ ni. Ọ̀gbọ̀ lílọ̀ ni tèmi náà, kó ṣì rí wóró-wóró díẹ̀ lọ́wọ́, kó má ṣáà sí odidi hóró níbẹ̀. Òróró yẹn náà ni kì í jẹ́ kó pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ ọ́. Bó bá ti ń korò, tí òórùn rẹ̀ yí padà, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ ló kù. N kò bínú sí bùlẹ́ńdà, ọmọ ilé ni báyìí. Ṣùgbọ́n bùlẹ́ńdà ńlá kì í rí hóró kékeré mú, ṣe ni wọ́n ń fò káàkiri lókè abẹ. Ife kékeré tó máa ń bá bùlẹ́ńdà wá fún nǹkan gbígbẹ ló ń ṣe é, tàbí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn òyìnbó fi ń lọ kọfí. Méjèèjì ni mo fẹ́ ká máa pè ní ọlọ alábẹ. Èyí tí a ń fọwọ́ yí, tó ní àwo irin méjì oníyín tó ń gbo ara wọn, kí ó jẹ́ ọlọ aláfọwọ́yí. Ìyẹn tiẹ̀ ń lọ̀ ní tòótọ́ bí ọlọ ìyá àgbà. Bí "ọlọ alábẹ" ò bá dùn létí yín, ẹ mú òmíràn wá, kó ṣáà má gùn bí "ẹ̀rọ amúná-ṣiṣẹ́ tí a fi ń sọ hóró di lẹ́búlẹ́bú" tí mo rí lánàá. Ẹni tó dá a, ẹ má bínú o. Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé nǹkan ìdáná ni.

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kékeré kan nínú àkọsílẹ̀ arákùnrin wa: "lọ̀ ọ̀gbọ̀" kọ́ la ń kọ. Ohùn ìsàlẹ̀ orí lọ̀ máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: lọ ata, lọ ọ̀gbọ̀. Níwájú arọ́pò-orúkọ ló ti ń dúró: lọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà nìyí: "Ẹ bu hóró ọ̀gbọ̀ ṣíbí méjì sínú ọlọ alábẹ tó gbẹ. Ẹ má bu omi sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó yí díẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí kò fi ní sí odidi hóró mọ́. Ẹ gbé ọ̀gbọ̀ lílọ̀ tó bá ṣẹ́ kù sínú fìríìjì."

Mo kà á fún àǹtí mi lálẹ́ àná. Wọ́n ní, "Ọlọ alábẹ, ṣé ife kékeré ara bùlẹ́ńdà yẹn ni?" Mo ní òun ni. Inú mi ń dùn lọ nígbà tí wọ́n tún béèrè: "Ṣíbí tíì ni àbí ṣíbí ìrẹsì?"